Ẹni Kẹrin Nínú Ilé Aránbàtà

Ẹnì kan ti sọ mẹ́ta di mẹ́rin.

Ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ adójútòfò ìlera ti fáìlì náà síwájú obìnrin ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tó jókòó sí òdìkejì tábìlì rẹ̀, ó fi ìka tọ́ ibẹ̀ hàn án. Níbi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè pé ènìyàn mélòó ló ń gbé inú ilé, ẹni tó ni fọ́ọ̀mù ti fi bírò dúdú kọ 3. Ẹlòmíràn wá fa ìlà kan sí ara 3 náà, ó sì fi yíǹkì elésè àlùkò kọ 4 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ṣèèṣì rí i," ni ọ̀gá àgbà wí. "Mo wá tú àwọn tó kù. Mọ́kànlá ni wọ́n. Méjì di mẹ́ta, mẹ́rin di márùn-ún. Ẹni kan péré ni wọ́n ń fi kún ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ ò rí i pé ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ni ẹni tó ṣe é?"

"Kí ni ẹni kan tó lé yẹn ń ṣe fún wọn, sà?"

"Òun ló gbé wọn wọlé, mà. Àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kò tó nǹkan nìkan ni ìjọba ń sanwó ìtọ́jú fún. Ṣùgbọ́n òdiwọ̀n owó yẹn kì í ṣe ọ̀kan náà fún gbogbo ènìyàn. Bí ẹ bá ṣe pọ̀ tó nínú ilé ló ṣe máa ń ga tó. Àwọn mọ́kànlá yìí fi díẹ̀ ré kọjá òdiwọ̀n. Bí wọ́n bá fi nọ́ńbà wọn sílẹ̀ bó ṣe wà, ǹ bá ti kọ 'kò yẹ' sí i." Ó mí kanlẹ̀. "Èmi fúnra mi ni mo buwọ́ lu gbogbo rẹ̀. Mi ò ṣàkíyèsí. Lọ́jọ́ Ẹtì ni mo máa yọ orúkọ wọn kúrò, kí n sì gba káàdì wọn padà. Ẹ bá mi mú ọ̀daràn yẹn kó tó dìgbà náà."

Fínnífínní ni wọ́n ń pe obìnrin náà ní àgọ́ ọlọ́pàá. Nígbà tó ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́ ni àwọn ọ̀gá rẹ̀ ti fi orúkọ yẹn bú u, nítorí ó lè jókòó ti ẹyọ ìwé kan láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, àwọn ọ̀gá náà ti fẹ̀yìn tì, orúkọ náà sì ti di oyè.

Ó gbé fọ́ọ̀mù náà súnmọ́ ojú. Ìlà tí wọ́n fà sí 3 náà gún régé bí okùn tí wọ́n fà le, a sì ṣì rí 3 kedere lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀ràn náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹni tó fẹ́ fi ìwé jalè ì bá pa nọ́ńbà àkọ́kọ́ rẹ́, tàbí kó dọ́gbọ́n tún un ṣe pẹ̀lú bírò dúdú. Eléyìí fi rúlà fàlà.

"Ọwọ́ ta ni ìwé yìí ń gbà kó tó dé ọ̀dọ̀ yín?"

"Akọ̀wé ojú fèrèsé ló ń gbà á. Yàrá fáìlì á fi nọ́ńbà sí i, á wá gòkè wá bá mi." Ọ̀gá àgbà rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Akọ̀wé yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ra alùpùpù tuntun."

* * *

Akọ̀wé ojú fèrèsé jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin tínínrín kan, tó wọ táì tó gùn jù fún un. Nígbà tí Fínnífínní pè é wọ yàrá tí wọ́n ń kó àga tó kán sí, òógùn ti bò ó kó tó jókòó.

"Alùpùpù rẹ dára," ni Fínnífínní wí.

"Ẹ ṣé, mà."

"Èló lo rà á?"

"Mi ò rà á, mà. Ẹ̀gbọ́n mi ló ra tuntun, ó wá gbé èyí tó ti gbó fún mi. Mo kùn ún ni."

"O kùn ún?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì, mà."

Wọ́n jọ jáde lọ wò ó. Fínnífínní gbé ìjókòó alùpùpù náà sókè, ó tẹ̀ ba, ó wo abẹ́ rẹ̀. Ọ̀dà àtijọ́ ti bó lábẹ́ ibẹ̀ bí èèpo igi, ìpẹtà sì ti jẹ irin rẹ̀. Sájẹ́ńtì tó wa Fínnífínní wá, ọkùnrin sísanra kan tó ku ọdún méjì kó fẹ̀yìn tì, bú sẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá, bí ó bá jẹ́ rìbá ni wọ́n fi ra èyí, a jẹ́ pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ."

Fínnífínní fún akọ̀wé ní ìwé àti bírò, ó ní kó kọ nọ́ńbà láti oókan dé ẹẹ́wàá. Ó kọ ọ́. Orí 4 tirẹ̀ padé, ó ṣe ṣóńṣó bí òrùlé. Èyí tó wà nínú fáìlì la ẹnu sókè bí àga tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀.

"Àwọn tó ń wá sí ojú fèrèsé, kí ni wọ́n máa ń kó fún ẹ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù?"

"Ohun gbogbo, mà. Ìwé owó oṣù, ìwé ilé tí wọ́n háyà, ìwé ilé ìwòsàn, káàdì ilé ìwé ọmọ. Fọ́ọ̀mù nìkan ni mo máa ń yẹ̀ wò. Àwọn tó kù, mo kàn ń fi píìnì gún un pọ̀ ni. Èrò máa ń tò dé ìta."

"Máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ."

"Ṣé kò sí nǹkan, mà?"

"Táì rẹ gùn jù. Ìyẹn nìkan ni."

* * *

Nínú yàrá kan àti pálọ̀ kan ni aránbàtà ń gbé, lẹ́yìn ilé alájà méjì kan. Wọ́n bá a níta, níbi tó tẹ́ bàtà àti òòlù sórí àpótí lábẹ́ ìbòòji. Ìgò gọ́ọ̀mù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó mọ̀ pé ọlọ́pàá ni wọ́n, ó dìde, ó nu ọwọ́ sí ṣòkòtò, ó ní kí wọ́n wọlé.

Fínnífínní kò jókòó. Ó fi ojú ka ohun tó wà nílé. Sálúbàtà mẹ́ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà: ti ọkùnrin, ti obìnrin, ti ọmọdébìnrin. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín mẹ́ta ló wà nínú kọ́ọ̀pù.

"Ẹ̀yin mélòó lẹ̀ ń gbé níbí?"

"Èmi, ìyàwó mi, àti ọmọ wa tó wà níléèwé. Ẹni mẹ́ta, mà."

"Kí lẹ kọ sórí fọ́ọ̀mù?"

"Mẹ́ta. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́."

"Mẹ́rin ló wà níbẹ̀ báyìí. Ta ni ẹni kẹrin?"

Aránbàtà wo ojú rẹ̀, ó wo Sájẹ́ńtì, ó tún wo ilẹ̀. "Mẹ́ta ni mo kọ," ló tún wí. "Àwọn kan ti sọ fún mi pé owó mi fi díẹ̀ lé, pé wọn ò ní gbà wá. Nígbà tí káàdì dé, ó yà mí lẹ́nu. Mo ṣáà dúpẹ́."

"Ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbà á padà lọ́jọ́ Ẹtì."

Ojú ọkùnrin náà yí padà. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Bó bá ṣe pé èmi ló ṣẹ̀, kí wọ́n mú mi. Kí wọ́n má gba káàdì yẹn nísinsìnyìí."

"Kí ló wà nísinsìnyìí?"

"Ọ̀rọ̀ ilé ni, mà. Èmi àti ìyàwó mi ti bá ara wa ṣe àdéhùn pé a ò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni."

Fínnífínní kò fipá mú un. Ní ẹnu ọ̀nà, ó rí ibì kan lára ògiri pálọ̀ tí gọ́ọ̀mù ti kán sí títí tó fi dúdú, àti àmì àpótí lórí sìmẹ́ǹtì abẹ́ rẹ̀.

"Inú ilé lẹ ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀?"

"Ogún ọdún gbáko ni mo fi wà lójú kan náà yẹn, mà. Ìyàwó mi ló ní òun ò lè gba òórùn gọ́ọ̀mù mọ́."

Ilé kejì jẹ́ ti awakọ̀ ilé ìwé kan. Òun àti ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ń gbé ibẹ̀, fọ́ọ̀mù wọn sì ti di ẹni mẹ́ta. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ti kọjá, awakọ̀ náà ló ń fọ abọ́. Ó fi ọṣẹ lọ́wọ́ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rọra sọ̀rọ̀, nítorí ìyàwó òun ń sùn. Ó búra pé òun ò fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, àti pé méjì lòun kọ. Lórí fèrèsé ìta, ìgò lọ́fíńdà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún dá dúró nínú oòrùn.

"Kí ni ìyẹn ń ṣe níta?" ni Fínnífínní bi í.

"Ìyàwó mi ló gbé e síta, mà. Ó ní òórùn rẹ̀ ń mú inú rìn òun." Awakọ̀ náà mi orí bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. "Lọ́fíńdà tí mo fi ń lọ kí i nígbà tí mo ń fẹ́ ẹ ni o. Nígbà yẹn, á ní kí n tún fín in sí i."

* * *

Sájẹ́ńtì kò tíì tan ọkọ̀ tó fi ń ṣàwàdà. "Ọ̀gá, ẹni kẹrin ò sí níbì kan, ẹni kẹta ò sí níbì kejì. Iwin ni wọ́n fi kún ilé wọn."

"Ọmọ mélòó lẹ ti bí, Sájẹ́ńtì?"

"Márùn-ún."

"Aránbàtà lẹ gọ́ọ̀mù nínú yàrá kan náà fún ogún ọdún, ìyàwó rẹ̀ ò sọ̀rọ̀. Lọ́fíńdà yẹn ni obìnrin kejì fẹ́ràn tẹ́lẹ̀, òun náà ló sì gbé e síta báyìí. Ó tún ń sùn ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Kí ló máa ń mú kí imú obìnrin yí padà lójijì?"

Sájẹ́ńtì yọ ọwọ́ kúrò lórí kọ́kọ́rọ́. "Ìyàwó mi lé mi sí pálọ̀ nítorí òórùn bàtà ọlọ́pàá," ló wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹrin."

"Ẹ̀ẹ̀karùn-ún ńkọ́?"

"Ó ti mọ́ ọn lára nígbà yẹn."

Wọ́n lọ sí ilé kẹta láti fi mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Alágbàfọ̀ kan ló ni ibẹ̀. Wọn ò ní ìdí láti béèrè ohunkóhun, nítorí ikùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ lẹ́nu ọ̀nà kí òun fúnra rẹ̀ tó yọ.

"Ọmọ yín yóò dé láìpẹ́," ni Fínnífínní wí.

"Oṣù tó ń bọ̀, mà. Ìdí ló kọ sísàlẹ̀, kì í ṣe orí. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni wọ́n máa fi gbé e." Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ lu ikùn náà jẹ́jẹ́ bí ẹni ń lu èjìká ọ̀rẹ́. "Ọpẹ́lọpẹ́ káàdì yẹn. Ẹ̀rù ò bà mí mọ́."

Nínú ọkọ̀, Fínnífínní ṣí àwọn fáìlì mọ́kànlá tó gbà lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà sórí itan, ó sì ka ohun tí akọ̀wé fi píìnì gún mọ́ wọn láìwò ó. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, láàárín ìwé owó oṣù àti ìwé ilé, ìwé kékeré kan wà láti ilé ìwòsàn. Oyún oṣù méjì. Oyún oṣù mẹ́ta. Nínú ti ìyàwó aránbàtà, dókítà tún kọ ọ́ sí i pé ẹ̀ẹ̀mejì ni oyún ti bà jẹ́ lára rẹ̀, pé kó máa wá rí òun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Fínnífínní pa ìyẹn dé kíákíá. Ó ti yé e ìdí tí tọkọtaya náà fi pa ẹnu mọ́.

"Ẹni tó kọ 4 yìí ka ìwé," ló wí. "Nígbà tí àwọn obìnrin yìí dúró lójú fèrèsé, ikùn ọ̀pọ̀ wọn ò tíì hàn. Ojú ò lè rí i, àfi nínú ìwé. Akọ̀wé kì í ka ìwé. Ọ̀gá àgbà buwọ́ lu mọ́kànlá láìrí yíǹkì elésè àlùkò, ìyẹn náà kì í kà á. Ta ló kù?"

"Yàrá fáìlì," ni Sájẹ́ńtì dáhùn, ó sì tan ọkọ̀.

* * *

Yàrá fáìlì wà ní ìsàlẹ̀ ilé. Àwọn pákó tí wọ́n to fáìlì sí ga dé àjà, gbogbo rẹ̀ sì dúró déédéé bí eyín. Obìnrin tó ń tọ́jú wọn ti tó ọgọ́ta ọdún. Ìyá Fáìlì ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é. Ó jókòó nídìí tábìlì kékeré kan, rúlà onígi àti ìgò yíǹkì kan ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn fáìlì tuntun. Fínnífínní wo ẹ̀yìn àwọn fáìlì tó wà lórí pákó. Ibi tí ojú rẹ̀ bá bà, yíǹkì elésè àlùkò ló ń rí, 4 kọ̀ọ̀kan sì la ẹnu sókè.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà," ló wí.

"O káre, ọmọ mi. Fa àga yẹn mọ́ra." Ìyá Fáìlì dé ìgò yíǹkì rẹ̀. "Mo ti ń retí ẹnì kan láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Mo rò pé ọ̀gá ló máa wá ni."

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?"

"Èmi ni. Mi ò fi pa mọ́. Yíǹkì mi ni mo lò, gbogbo ilé iṣẹ́ yìí ló mọ yíǹkì mi."

"Kí ló dé?"

Obìnrin àgbà náà fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó mú fọ́ọ̀mù kan jáde tó ti pọ́n létí. Èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ni, ojú ìwé mẹ́rin ló ní. Méjì ni ti tuntun. Ó ṣí ojú ìwé kẹta, ó fi rúlà tọ́ka sí ìlà kan: *Bí aboyún bá wà nínú ilé, ẹ ka ọmọ inú rẹ̀ mọ́ iye ènìyàn.*

"Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n gé fọ́ọ̀mù kúrú," ni Ìyá Fáìlì wí. "Ìlà yìí bá a lọ. Ṣùgbọ́n wọn ò yọ ọ́ nínú òfin. Mo lọ wò ó nínú ìwé òfin tó wà lórí pákó ìkẹyìn yẹn. Ó ṣì wà níbẹ̀. Mo kọ lẹ́tà sí òkè lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní kí n gbájú mọ́ fáìlì mi. Mo bá gbájú mọ́ ọn."

Sájẹ́ńtì yí ojú sí ògiri kó lè rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ẹnì kan yín wà nínú àwọn mọ́kànlá náà, mà? Ọmọ, ìbátan, aládùúgbò?"

"Mi ò mọ ojú ọ̀kan nínú wọn. Ìwé wọn nìkan ni mo mọ̀."

"Kò sì sí ẹni tó fún yín ní nǹkan kan?"

"Ta ló máa wá fún mi? Wọn ò mọ̀ pé mo wà láyé."

Fínnífínní ti mú ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́ yìí, àwọn tó ń sunkún, àwọn tó ń parọ́, àwọn tó ń sá. Kò rántí ìgbà kan tí ẹnì kan fi jókòó níwájú òun pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀ tó báyìí. Ara tirẹ̀ náà wá fúyẹ́, bí ẹni sọ ẹrù kalẹ̀.

"Àwọn tó ti wá láàárín ọdún mẹ́ta yẹn ńkọ́, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún nọ́ńbà ṣe?"

Ìyá Fáìlì dìde, ó lọ sí kọ̀rọ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ ti páálí kan jáde. 'KÒ YẸ' ló wà lára rẹ̀. Ó ti ya fáìlì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sọ́tọ̀ nínú rẹ̀, ó fi okùn dì wọ́n.

* * *

"Ẹ ti rí ẹni kẹrin náà?" ni ọ̀gá àgbà béèrè.

"Ó wà nílé aránbàtà, sà. Kò tíì jáde síta ni."

Fínnífínní tẹ́ fọ́ọ̀mù àtijọ́ àti ìwé òfin síwájú rẹ̀. Ìyá Fáìlì dúró létí ilẹ̀kùn, Sájẹ́ńtì sì gbé páálí lé orí àga. Ọ̀gá àgbà kà á. Ó tún un kà. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì gbé e kalẹ̀ láìwọ̀ ọ́ padà.

"Èmi ni mo gé fọ́ọ̀mù yẹn," ló wí. "Wọ́n ní ìwé ń pọ̀ jù. Mo rò pé òfo ọ̀rọ̀ ni mo gé kúrò." Ó wo obìnrin tó wà létí ilẹ̀kùn. "Ẹ sì kọ lẹ́tà sí mi."

"Ẹ̀ẹ̀mejì, ọ̀gá."

"Ẹ ní kí n mú ọ̀daràn wá kó tó di ọjọ́ Ẹtì," ni Fínnífínní wí. "Ẹ̀sùn ayédèrú ìwé kò lè dúró, sà, nítorí òótọ́ ni wọ́n kọ. Ohun tó kù ni pé Ìyá tún fọ́ọ̀mù ṣe láìbuwọ́ lù ú. Ìyẹn lòdì sí ìlànà iṣẹ́. Ọwọ́ yín ni mo fi ọ̀rọ̀ yẹn sí."

Ọ̀gá àgbà dìde, ó sì fi àga tirẹ̀ lọ Ìyá Fáìlì. Ó to àwọn fáìlì mọ́kànlá síwájú rẹ̀. Obìnrin náà buwọ́ lu 4 àti 3 àti 5 rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kọ déètì sí i, kò sáré. Ọ̀gá àgbà buwọ́ lu tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó sì kọ lẹ́tà kan tó sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gba káàdì lọ́wọ́ àwọn mọ́kànlá náà. Sájẹ́ńtì ní òun fúnra òun lòun máa mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ fún aránbàtà, nítorí oorun ò ní kun ọkùnrin náà bí wọ́n bá jẹ́ kó di ọ̀la.

Páálí ló kù. Ọ̀gá àgbà tú okùn náà, ó mú fáìlì tó wà lókè, ó fa tẹlifóònù mọ́ra. Ìyá Fáìlì pe nọ́ńbà fún un. Ó dún pẹ́ kí wọ́n tó gbé e, gbogbo yàrá sì gbọ́ ohùn obìnrin kan tó ń mí bí ẹni tó sáré wá.

Ọ̀gá àgbà sọ ibi tó ti ń pè. Obìnrin náà ní òun ti wá síbẹ̀ rí, ó ti lé ní ọdún méjì, wọ́n ní òun ò yẹ.

"Oyún wà nínú yín nígbà yẹn," ni ọ̀gá àgbà wí. Ọ̀rọ̀ tó kàn ṣòro fún un. "Ọmọ náà... ṣé ó wà?"

"Ó wà, sà. Òun ló ń fa wáyà tẹlifóònù yìí."

Ọ̀gá àgbà fi ọwọ́ bo ojú, ó sì gbé e kúrò. "Ẹ yẹ nígbà yẹn, mà. Àwa la ṣìṣe. Ẹ ṣì yẹ báyìí, ẹ̀yin àti ọmọ yín. Ẹ wá gba káàdì lọ́la."

Obìnrin náà wá rẹ ohùn sílẹ̀, bí ẹni tó ti ń ṣírò ohun tó wà nínú àpamọ́wọ́. "Èló ni n máa mú dání, sà?"

"Ẹ má mú owó kankan dání," ni ọ̀gá àgbà wí. "Ọmọ yẹn ni kí ẹ gbé wá."